Àgbọ̀nrín tó kọ̀ tí kò yọjú sí kámẹ́rà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mopa ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mo ń gbé, odò kékeré kan sì gba ẹ̀yìn oko wa kọjá. Bàbá mi máa ń sọ pé àgbọ̀nrín ti tán nínú igbó wa, èmi ò sì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà méjì ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ igi, tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹran bá kọjá. Mo wo fídíò àwọn òyìnbó. Wọ́n ní kí iyọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ìgbà òtútù tó parí, mo bá da iyọ̀ sétí omi lóṣù kejìlá. Mo so kámẹ́rà mọ́ igi níbi àyà mi bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwòrán tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo bá nínú rẹ̀: koríko, màlúù, ewúrẹ́, èmi fúnra mi, àti ìdí ẹran kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ bóyá àgbọ̀nrín ni àbí ẹtu. Níbo ni mo ti ṣì í? Oṣù wo gan-an ni wọ́n máa ń wá lá iyọ̀?"

Àbúrò mi, òkun o. Gbogbo ìyà tó o kà sílẹ̀ yìí ni mo ti jẹ ṣáájú rẹ, nítorí náà n kò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má tíì bá bàbá rẹ jiyàn. Àgbọ̀nrín èṣí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ní ó ti tán, ìbáà ṣe ẹni tó ní ó ṣì pọ̀ lọ súà. Kámẹ́rà lè parí ẹjọ́ yẹn bó o bá gbé e síbi tó yẹ, lásìkò tó yẹ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ kì í ṣe tìrẹ. Ẹran tí wọ́n ń sọ nínú fídíò yẹn kì í ṣe ẹran wa. Deer ni tiwọn, èyí tí ìrù rẹ̀ funfun nísàlẹ̀, tó kún igbó Àríwá Amẹ́ríkà. Nílé ìwé, àgbọ̀nrín ni wọ́n kọ́ wa pé deer jẹ́, Bíbélì Yorùbá náà sì pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n deer gidi kan kò sí nínú igbó Nàìjíríà. Ní gbogbo Áfíríkà, apá òkè réré lọ́hùn-ún, ní Algeria àti Tunisia, ni ìran rẹ̀ kan ń gbé. Ìbátan ewúrẹ́ àti màlúù ni àgbọ̀nrín tiwa, ìwo rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀: egungun wà nínú, ohun líle bí èékánná bò ó lóde, akọ nìkan ló ń hù ú, kì í sì í já títí ẹran náà fi máa kú.

Ìwo deer yàtọ̀. Egungun lásán ni, ó ń já bọ́ lọ́dọọdún nígbà òtútù, tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹjọ. Gbé e yẹ̀ wò ná: kí ẹran fi bí oṣù márùn-ún péré kọ́ odindi ìwo sórí láti inú ewé tó ń jẹ! Kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun tí egungun fi ń le, tó ń lò nígbà náà kì í ṣe kékeré. Láàárín àkókò yẹn kan náà, abo ti bímọ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìdí nìyẹn tí ibi iyọ̀ wọn fi ń kún fọ́fọ́ láti ìgbà tí ewé bá rú lẹ́yìn òtútù títí dé àárín ìgbà ooru, tó sì máa ń dá páropáro bí ewé bá ti ń wọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ nílé wọn. Ìwọ lo gbé kàlẹ́ńdà ilé onílé wá sílé wa.

Ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ wọn ló kan tiwa gbọ̀ngbọ̀n: ebi sódíọ̀mù, èyí tó jẹ́ kí iyọ̀ jẹ́ iyọ̀. Ewé àti koríko kì í ní in tó bó ṣe yẹ ẹran, pàápàá níbi tó jìnnà sí òkun bíi tiwa. Nígbà tí òjò bá dé, koríko tuntun á kún fún omi àti pọtasíọ̀mù. Ẹran á yó bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ ṣe ń tọ àpọ̀jù pọtasíọ̀mù yẹn dànù, ìwọ̀nba sódíọ̀mù tó ní á máa bá a lọ. Ìgbà yẹn ni ahọ́n rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri. Àwọn Fúlàní mọ èyí kí ilé ìwé tó dé. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé kánún fún màlúù nìyẹn. Ní Olympic National Park ní Amẹ́ríkà, ewúrẹ́ orí òkè ti mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ìtọ̀ àti òógùn àwọn tó ń rin òkè, wọ́n ń tẹ̀ lé èèyàn kiri títí ọ̀kan fi kan ọkùnrin kan pa ní 2010. Láàárín 2018 sí 2020, wọ́n fi hẹlikópítà kó ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Mo sọ èyí nítorí pé ibi tí ìwọ àti àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ń tọ̀ lẹ́yìn ahéré ṣeé ṣe kó fa ẹran ju iyọ̀ rẹ lọ. Lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Ó wá ku oṣù. Àgbọ̀nrín tiwa kò ní ìgbà ìbímọ kan pàtó. Ó ń lóyún bí oṣù mẹ́fà, wàá sì rí ọmọ rẹ̀ ní ìgbàkígbà nínú ọdún. Nítorí náà ọmú àti ìwo kọ́ ló ń pín ọdún rẹ̀. Òjò ni, iná ni, omi ni.

Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ni ibi lílá, ìyẹn ibi tí ẹran ti ń lá ilẹ̀, máa ń jí. Ilẹ̀ á rọ̀, òórùn rẹ̀ á gòkè, ẹsẹ̀ ẹran á sì fi ara hàn lójú amọ̀. Oṣù karùn-ún sí ìkeje ni mo ti ń rí àbẹ̀wò tó dára jù, láti Isanlu títí dé apá Bunu. Bí ó bá ti di oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ẹran kò sá lọ o, koríko ló ga ju èèyàn lọ, kámẹ́rà á sì máa ya ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Láti oṣù kọkànlá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, gbogbo ẹran á kóra jọ sí àwọn ibi tó ṣì ní omi àti sínú igbó dúdú tó wà létí odò. Omi ló ń wá nígbà yẹn, kì í ṣe iyọ̀. Àsìkò yẹn náà sì ni àwọn darandaran ń kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ìwọ wá da iyọ̀ sétí omi lóṣù kejìlá! Màlúù lo sè fún, àbúrò mi, wọ́n sì jẹun. Ká ní oko ẹ̀wà ẹnìkan wà nítòsí ni, ìjà tó máa tibẹ̀ yọ kì bá jẹ́ kó o ráyè béèrè ọ̀rọ̀ kámẹ́rà.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo ń ṣọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn: ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn tí iná bá ti jó igbó. Eérú ní kálísíọ́mù àti pọtasíọ̀mù, koríko tútù tó ń rú jáde lábẹ́ rẹ̀ sì dùn lẹ́nu ẹran. Ní ìtòsí Isanlu, mo ti rí abo àgbọ̀nrín kan tó dúró lójú eérú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, àwòrán lórí àwòrán. Ó ń tẹ orí ba, ó ń lá a, ó ń gbórí sókè wo ẹ̀yìn, ó tún ń tẹ orí ba. Iṣu rọ́ńdọ́ kan ni mo kọ́kọ́ pe ọmọ tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí etí rẹ̀ mì nínú àwòrán kẹsàn-án.

Ṣùgbọ́n iná yẹn kan náà ló jẹ kámẹ́rà mi àkọ́kọ́. Mo so ó mọ́ igi òrí lóṣù kìíní, mo lọ sí Kabba fún ìnáwó, mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo dé, ike dúdú ló ṣàn wálẹ̀ lára èèpo igi bí àbẹ́là, káàdì inú rẹ̀ sì rún mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn tó ń lé ọ̀yà ló dáná sun ún, kò sì sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá máa fi kámẹ́rà sílẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, mo máa ń fi ọkọ́ ro ìdí igi náà dáadáa, mítà mẹ́ta yí i ká, títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, n kì í sì í jẹ́ kí ewé gbígbẹ kan padà síbẹ̀.

Ibo ló wá yẹ kó o gbé e sí? Mi ò fara mọ́ iyọ̀ dídà rárá, màá sọ ìdí. Ilẹ̀ wa ti ní tirẹ̀. Wá ògán. Àwọn ikán máa ń gbé amọ̀ ìsàlẹ̀ wá sókè, amọ̀ yẹn sì máa ń ní ohun èlò ara ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ẹran mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wo ìdí rẹ̀ dáadáa, pàápàá apá tí òjò kì í ti í nà án. Bí ẹran bá ń lá a, wàá rí i tó ti jẹ wọnú bí inú abọ́, tó sì ń dán bí ìkòkò tí a fi ọwọ́ pa. Ẹsẹ̀ ẹran oníka méjì á wà níwájú rẹ̀, ìgbẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú á sì wà nítòsí. Bí kò bá sí èyí, ògán lásán ni, máa bá tìrẹ lọ. Lẹ́yìn ògán, wo etí odò tó ga, níbi tí omi ti gé amọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ eérú jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ahoro. Ìlú wa tó ti sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta láyé àtijọ́ kò lóǹkà. Àtàn, ààrò àti ibùso ẹran ọ̀pọ̀ ọdún kò tíì kúrò nínú ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹran ṣì ń jẹ nínú ogún náà. Ahoro kan wà tí mo máa ń lọ tó jẹ́ pé ààrò ni ẹtu ti sọ di abọ́ iyọ̀.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kó o da iyọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí màlúù, ó ń kó ẹran tí kò yẹ kó pàdé jọ sójú kan, ẹnu àti itọ́ wọn á sì máa pàdé nínú ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àrùn ọpọlọ deer tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Colorado ní 1967 ti mú kí àwọn ìpínlẹ̀ kan fòfin de iyọ̀ dídà. Àwa náà ní tiwa: oṣù keje 2023 ni wọ́n rí anthrax, àrùn kan tó ń pa ẹran, lára ẹran ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà, irúgbìn àrùn yẹn sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó o bá bá ẹran tó kú síbi lílá, má fọwọ́ kàn án, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún. Lọ pe dókítà ẹran. Bí o bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé ajílẹ̀ òyìnbó dára ju iyọ̀ lọ, sá fún un. Yùríà tó wà nínú rẹ̀ ń pa ẹran ajẹko. Ohun mìíràn ni pé bí ọdẹ kan bá gbọ́ pé o ní ojú iyọ̀, òun ló máa jókòó sórí igi tó wà níbẹ̀ lálẹ́, àgbọ̀nrín tó o fẹ́ kà á sì dé ọjà Kabba kó o tó kà á.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló kù. Èyí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà.

Ìwọ̀n àyà tó o so ó sí yẹ deer, kò yẹ ẹran wa. Àgbọ̀nrín apá ọ̀dọ̀ wa kì í ga púpọ̀ ju itan èèyàn lọ, bí sẹ̀ntímítà 35 sì ni èsúró ga léjìká. Ẹtu á gba abẹ́ ojú kámẹ́rà rẹ kọjá, á tún padà, o ò ní mọ̀. So ó sí orúnkún, sẹ̀ntímítà 40 sí 50 láti ilẹ̀, kó wo iwájú gan-an, kó má tẹ orí ba. Láàárín òun àti ibi lílá, mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ní kí àbúrò rẹ kékeré fi ọwọ́ àti orúnkún rá kọjá níwájú rẹ̀. Bí iná pupa tó ń dán an wò kò bá tàn, má kúrò níbẹ̀.

Mọ bí ohun náà ṣe ń ríran. Kì í ṣe ẹran ló ń rí, ìyàtọ̀ ooru tó ń rìn ló ń rí. Ohun tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì yá a lójú ju ohun tó ń bọ̀ wá bá a tààrà lọ. Nítorí náà, má dojú rẹ̀ kọ ipa ẹran. Jẹ́ kó wo ipa náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ibi lílá wà láàárín àwòrán, kí ọ̀nà tí ẹran gbà wọlé sì hàn létí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀sán oṣù kẹta fi ń tàn ọ́ jẹ: nígbà tí afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ bá gbóná tó ara ẹran, ìyàtọ̀ kò sí mọ́, ẹran lè dúró níwájú rẹ̀ kó má yà á. Àwòrán òru ni kó o gbára lé nígbà náà.

Òyìnbó á ní kó o kọjú rẹ̀ sí àríwá, torí oòrùn tiwọn kì í kúrò ní gúúsù. Tiwa ń gba orí wa gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń wọ ìkẹsàn-án, láàárín méjèèjì, àríwá ló máa ń fì sí. Ìyẹn kò dà ọ́ láàmú, ó ti ga jù nígbà náà. Oòrùn tó ń yọ àti èyí tó ń wọ̀ ló ń ba àwòrán jẹ́. Má kọ ọ́ sí ìlà oòrùn, má kọ ọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, ó tán.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán koríko tìrẹ, àdá ló wò ó. Gé gbogbo ohun tó lè mì láàárín kámẹ́rà àti ibi lílá, má sì gé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibẹ̀ má baà dà bí ojú oko. Bí igi tó o so ó mọ́ bá tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń mì ín, ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀. Àwòrán mẹ́ta léraléra ni kó máa yà, kó sinmi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, torí ẹran tó ń lá ilẹ̀ kì í kánjú. Fi fídíò sílẹ̀, bátìrì ni yóò jẹ. Yẹ aago rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbàgbọ́ pé òkété ń rìn lọ́sàn-án gangan, àṣé èmi ni mo to aago náà sí òdìkejì.

Ìdí tó o fi rí ara rẹ nínú àwòrán ni pé o ń lọ síbẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ti tó, lọ́sàn-án, má fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ibi lílá. Nígbà òjò, ikán á jẹ okùn rẹ̀, eèrà á kọ́lé sẹ́yìn rẹ̀, aláǹtakùn á ta òwú bo ojú rẹ̀. Wáyà ni kó o fi so ó. Di ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sínú aṣọ kékeré kó o fi sínú àpótí rẹ̀, kí omi má baà sé ojú gíláàsì.

Kó o tó gbé èyíkéyìí wọ igbó padà, lọ kí baálẹ̀, lọ kí olórí ọdẹ, kó o sì sọ fún àwọn fijilanté. Bí igbó apá ọ̀dọ̀ wa ṣe rí láti bí ọdún mélòó kan, ẹni tí wọ́n bá rí tó ń so ohun dúdú mọ́ igi níbi tí kò sí ilé kò ní rí ẹni tó máa gbẹ́jọ́ rẹ̀ rò kí wọ́n tó lù ú. Fi kámẹ́rà náà hàn wọ́n, jẹ́ kí wọ́n wo ara wọn nínú rẹ̀. Bó bá ya èèyàn, pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, má gbé e sórí Facebook. Bí ohun tó yà bá dẹ́rù bà ọ́, olórí ọdẹ nìkan ni kó o fi hàn.

Tí àwòrán bá ti ń dé, má ka àwòrán, ẹran ni kó o kà. Abo kan ṣoṣo lè yọjú nígbà mẹ́rìnlá láàárín oṣù kan. Ìlà àti àmì funfun ara àgbọ̀nrín kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú ìwé, kọ nọ́ńbà sí i, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́tọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo ní àwòrán 212 ní ògán kan. Ẹran márùn-ún ni gbogbo wọn, akọ kan, abo mẹ́ta, ọmọ kan.

Bí o bá wá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìdí tó o yà yẹn, gbé àwòrán náà tóbi lórí fóònù kó o wo itan rẹ̀. Bí àmì funfun bá wà káàkiri ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun tọ́ ọ, tí ìrù rẹ̀ kún, tó sì funfun lábẹ́, pe bàbá rẹ wá. Bí itan náà bá jọ̀lọ̀ láìní àmì, ẹtu tàbí èsúró ni. Fi bò ó ná, kó o dúró de òjò àkọ́rọ̀.